Ọ̀gbìn àyíká ilé ní Garki

Ní Garki, àdúgbò Àbújá tí àwọn Gbàgyí ti ń dáko tipẹ́ kí ibẹ̀ tó di ìgboro, ohun méjì ló máa ń dààmú ẹni tó ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé: ilẹ̀ yangí tó le, àti ọ̀gbẹlẹ̀ láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ìlànà permaculture, tí Bill Mollison àti David Holmgren, ará Ọsirélíà, gbé jáde nínú ìwé lọ́dún 1978, ní kí a wo igbó kọ́ṣe. Nínú igbó, ewé tó já ni ajílẹ̀; ilẹ̀ kì í sì í wà ní ìhòòhò. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé gbígbẹ tí a kó jọ, tí à ń wọ́n omi sí, tí a sì ń yí, yóò jẹrà di dúdú. Òun ni à ń pò mọ́ yangí kí a tó gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí ilá. Koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sídìí ewébẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi ilẹ̀ gbẹ. Nígbà ọyẹ́, èyí wúlò ju ajílẹ̀ olówó gọbọi lọ.

Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, ìrọ̀lẹ́ ni kí a wọ́n omi ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́ sí i, torí oòrùn máa ń tètè ba agbára rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ajílẹ̀, èyí tó ṣì tutù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kó jẹrà ná.