Òbí Ọmọ Tí Ń Sá Fún Oúnjẹ: Ta Ni Yóò Tọ́jú Òun Náà?

Anorexia nervosa ni àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn tí í mú kí ènìyàn máa sá fún oúnjẹ, nítorí ìbẹ̀rù pé òun yóò sanra, títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. William Gull, oníṣègùn ìlú London tí ó sọ ọ́ lórúkọ, kọ ọ́ ní ọdún 1874 pé ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni ó sábà máa ń burú jù láti tọ́jú aláìsàn náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi ru òbí.

Ilé-ìwòsàn Maudsley ní London ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwádìí tí Gerald Russell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1987 fi hàn pé, bí àìsàn náà kò bá tíì pẹ́ lára ọ̀dọ́, ìtọ́jú tí ẹbí lọ́wọ́ sí ni ó dára jù. Láti ìgbà náà, òbí ni ó ń bu oúnjẹ, tí ó sì ń jókòó ti ọmọ títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ gbọ́ ná, ta ni ẹrù yìí kò ní wọ̀ lọ́rùn? Ẹkún àti èébú ni nídìí oúnjẹ. Oorun á dá lójú òbí, àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn á wọlé, tọkọtaya á máa bínú síra wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Janet Treasure fi ẹranko ṣàpèjúwe wọn: àgbáǹréré ni òbí tí ń fi ipá múni, ògòǹgò ni èyí tí kò fẹ́ rí ìṣòro náà. Ẹja dọ́fìnì, tí ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, ni ó ní kí wọ́n jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn mọ́jú kò lè rí irú sùúrù bẹ́ẹ̀ lò. Abájọ tí ìlànà tí àjọ NICE gbé kalẹ̀ ní England ní ọdún 2017 fi ní kí a máa ṣe àyẹ̀wò ohun tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ nílò, àti ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú.