Àṣírí Inú Hóró Àgbàdo

Ó ti pẹ́ tí ẹnu ti ń ya àgbẹ̀ pé, bí òun bá gbin àgbàdo funfun sí ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo pupa, nígbà tí òun bá bó funfun náà, òun a bá hóró pupa láàrin rẹ̀. Àṣírí náà kò tú títí di ọdún 1898, nígbà tí Sergei Nawaschin, ọ̀mọ̀ràn tí í mọ oyún ìgbín nínú ìkarahun, kéde ní ìlú Kiev pé sẹ́ẹ̀lì akọ méjì ni lẹ́búlẹ́bú ń gbé wọ inú òdòdó lílì, àti pé àwọn méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan pàdé ẹyin, ó di ọlẹ̀, èkejì dara pọ̀ mọ́ kókó méjì mìíràn, ó di oúnjẹ ọlẹ̀ náà. Ìmọ̀ ẹnìkan kò jọ bọ̀rọ̀: ní ọdún 1899, Léon Guignard ará Faransé rí bákan náà, àwọn onímọ̀ ewéko de Vries àti Correns sì fi í ṣàlàyé àgbàdo aláwọ̀ méjì.

Ẹ wo hóró àgbàdo kan: krómósómù (okùn tí ń gbé àbùdá) 20 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèpo rẹ̀, ti ìyá sì ni gbogbo rẹ̀, 20 ni ti ọlẹ̀, ìyá mú 10 wá, bàbá mú 10 wá, ṣùgbọ́n 30 ni ti oúnjẹ inú rẹ̀, nítorí ìlọ́po méjì ìpín bàbá ni ìyá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ ọlẹ̀ yìí ni à ń lọ̀ di ògì, inú rẹ̀ sì ni àwọ̀ pupa tí bàbá mú wá ti ń hàn. Ìmọ̀ yìí ni ó fi yé àgbẹ̀ ìdí tí ó fi yẹ kí oko irúgbìn funfun jìnnà sí oko pupa.