Ta Ló Ní Kí N Wá sí DM? Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀sùn Àwọn Tó Ń Kó Ṣíìpù Póókà Jọ

Ní sáà tó kọjá, mo ra ẹ̀rọ ìṣirò àlòkù kan lọ́wọ́ ẹnìkan lórí WhatsApp. Fọ́tò tó fi síta ṣókùnkùn bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n ti yà á. Kò kọ iye owó sí i; "wá sí DM" ló kọ. Mo lọ sí DM, a dúnàá-dúrà, a fẹnu kò sí iye kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní ẹlòmíràn ti fi ẹgbẹ̀rún kan náírà lé owó tèmi, pé kí n ṣe bí ọmọ ìyá. Mo ṣe bí ọmọ ìyá. Ẹ̀rọ dé ọwọ́ mi, bọ́tìnì mẹ́ta kò ṣiṣẹ́.

Inú ìbínú yẹn ni mo wà nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú mú ohun kékeré kan tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà, kó sì kọ ìtàn rẹ̀. Mo mú ṣíìpù póókà. Kì í ṣe ọ̀dùnkún díndín o, ẹ̀yin tí ebi ń pa. Ohun pẹlẹbẹ roboto tí àwọn atatẹ́tẹ́ máa ń kó síwájú dípò owó ni mò ń wí. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí láyé mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń kó o jọ, bí wọ́n ṣe ń rà á àti bí wọ́n ṣe ń tà á láàárín ara wọn, ohùn ara mi ni mò ń gbọ́. Ẹ̀sùn wọn àti tèmi jọra bí ìbejì: fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀, iye owó tí a fi pamọ́, àdéhùn tí a dà, ọjà tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ pé ìwà burúkú lásán ló fà á. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀sùn wọ̀nyí ló ní ìtàn tó bí wọn. Ẹ jẹ́ ká wo mélòó kan.

Amọ̀ tí kì í ṣe amọ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni póókà gbilẹ̀ láti New Orleans, tó bá ọkọ̀ ojú omi gba orí odò Mississippi lọ sókè. Nígbà náà, ohun tó bá wà lọ́wọ́ ni èèyàn fi ń ta á: owó wẹ́wẹ́, ègé wúrà, àní wúrà lúbúlúbú pàápàá. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wọn wúrà lúbúlúbú lórí tábìlì tí ọtí ti dà sí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n fi eegun, igi tàbí eyín erin ṣe. Ti eyín erin lẹ́wà, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń fín in, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èyí tí kò ní ọnà lára sì ní àléébù tirẹ̀: ẹni tó bá lè gbẹ́ irú rẹ̀ nílé lè kó o sápò wá, kó sì gba owó gidi padà.

Láti bí ọdún 1880 sókè ni ṣíìpù tí ilé-iṣẹ́ fi amọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn pò ti wá gbòde. Wọ́n tẹ àwòrán sí i lára, wọ́n fi àwọ̀ mìíràn há a láàárín, kó má baà rọrùn fún ayédèrú. Ẹ kíyè sí i pé ọnà tí àwọn akójọ ń torí rẹ̀ sanwó lónìí, ìbẹ̀rù olè wà lára ohun tó bí i.

Orúkọ náà, amọ̀, kò kúrò mọ́. Ṣíìpù ilé tẹ́tẹ́ òde òní kì í ṣe amọ̀ pọ́ńbélé, àpòpọ̀ èròjà ni. Síbẹ̀ amọ̀ ni wọ́n ń pè é. Àwọn alárobọ̀ sì rí àyè wọlé níbẹ̀. Wọ́n á mú ike tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sí nínú, wọ́n á kó o sínú àpótí tó ń dán, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "amọ̀ gidi, gíráàmù 14, bíi ti ilé tẹ́tẹ́." Bẹ́ẹ̀, ṣíìpù tí ilé tẹ́tẹ́ Amẹ́ríkà ń lò sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 8.5 sí 10. Wíwúwo tí wọ́n ń fi ṣe yangàn gan-an ló ń tú àṣírí wọn.

Ìgbà tí ẹ̀sùn yìí di ariwo kò ṣòro láti mọ̀. Ní 2003, Chris Moneymaker, oníṣirò-owó kan láti Tennessee tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì gba àyè wọlé, gba ife ẹ̀yẹ World Series of Poker pẹ̀lú mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Èèyàn 839 ló du ìdíje ọdún náà, òun náà wà lára wọn. Ní 2006, wọ́n ti di 8,773. Gbogbo ilé ló fẹ́ ṣíìpù tirẹ̀, ọjà olówó pọ́ọ́kú sì kún ìta. Àwọn tó ti ń kó ṣíìpù jọ tẹ́lẹ̀ bá ara wọn láàárín èrò tí kò mọ amọ̀ yàtọ̀ sí ike.

Ìtàn tí kò ní ẹlẹ́rìí

Ẹ̀sùn kejì ni ti òǹtajà tó ń ta ìtàn mọ́ ọjà. Á ní ilé tẹ́tẹ́ ọ̀daràn ńlá kan ni ṣíìpù òun ti wá, á sì bu owó ìtàn náà lé e.

Èyí náà ní orísun. Ìpínlẹ̀ Nevada fòfin gba tẹ́tẹ́ láàyè ní 1931, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Amẹ́ríkà, ní bòókẹ́lẹ́ ni ilé tẹ́tẹ́ ń ṣiṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í kọ orúkọ wọn sára ṣíìpù. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n á tẹ̀ sí i, tàbí àwòrán lásán, kí ọlọ́pàá tó bá já wọlé má baà rí orúkọ onílé kà. Ohun tí wọ́n ṣe láti bo ara wọn mọ́lẹ̀ ló wá di àǹfààní fún ẹni tó fẹ́ parọ́ lónìí. Lẹ́tà méjì lè jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wú mi lórí ni bí àwọn akójọ náà ṣe dá irọ́ yìí lóhùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe ṣíìpù láyé ìgbà náà ní àkọsílẹ̀: ta ló pàṣẹ rẹ̀, àdírẹ́sì wo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ọjọ́ wo. Díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí ṣẹ́kù, àwọn akójọ sì jókòó tì í, wọ́n ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1988 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ akójọ ṣíìpù ilé tẹ́tẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, irú iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìtàn, ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ wa ni wọ́n ń ṣe, láìgba ìwé ẹ̀rí. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Èló ni?

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mí jù, nítorí òun ni tèmi: òǹtajà tí kì í dárúkọ owó. "Ẹ mú iye tí ẹ ní wá."

Kí a tó bú u, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń tà. Ṣíìpù kì í ṣe owó. Ìwé gbèsè ni: ilé tẹ́tẹ́ jẹ ẹni tó mú un dání ní iye tó wà lára rẹ̀. Ní Las Vegas, àwọn ìjọ kan máa ń rí ṣíìpù nínú àpótí ọrẹ wọn, wọ́n á sì kó o padà lọ gba owó. Ṣùgbọ́n òfin Nevada kò fẹ́ kí ṣíìpù máa ṣe owó ní ìgboro. Bí ilé tẹ́tẹ́ bá fẹ́ kó irú ṣíìpù kan kúrò nílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kéde, kó sì fún aráàlú ní àsìkò láti wá pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n sábà máa ń ba ìyókù jẹ́.

Wọ́n fi àdó olóró wó Dunes lulẹ̀ ní 1993, wọ́n wó Sands ní 1996. Kò sí tábìlì tí ẹ lè gbé ṣíìpù Sands lọ lónìí. Gbèsè ti kú pẹ̀lú ajigbèsè. Ohun tó kù ni iye tí ẹlòmíràn bá fẹ́ san, iye yẹn sì lè já lulẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí ẹnìkan bá ṣí àpótí bàbá àgbà rẹ̀ tó bá irú rẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan níbẹ̀. Nítorí náà, òǹtajà míì kò mọ iye ọjà rẹ̀ ní ti tòótọ́.

Mo gba èyí. Síbẹ̀, mi ò dá a láre. Ní ọjà tiwa, "Èló ni?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọlọ́jà ló sì ń dáhùn. Ó lè bu iye tó ga, èmi náà á gé e dé ìdajì, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti fi ojú ara rẹ̀ hàn kó tó ní kí n fi tèmi hàn. Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ sọ, ó fẹ́ mọ bí òmùgọ̀ mi ṣe tó.

Níbo lo ti rí i?

Ẹ̀sùn tó kù le ju àwọn ti ìṣáájú lọ. Ní December 2010, ọkùnrin kan dé akoto alùpùpù, ó wọ Bellagio ní Las Vegas pẹ̀lú ìbọn, ó sì kó ṣíìpù tó tó mílíọ̀nù 1.5 dọ́là lọ. Ilé tẹ́tẹ́ náà kéde pé àwọn máa kó ṣíìpù oní-25,000 dọ́là àwọn kúrò nílẹ̀. Olè wá di ẹni tí ọjà fẹ́ kú sí lọ́wọ́. Ó ń wá oníbàárà kiri láàárín àwọn tó ń ta póókà. Oníbàárà tó rí, ọlọ́pàá ni. Ní February 2011, wọ́n mú un.

Ní January 2014, ní Borgata ní Atlantic City, ẹnìkan kó ayédèrú ṣíìpù 160 wọ inú ìdíje kan. Ó tún da ọ̀pọ̀ sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, títí páìpù fi dí. Wọ́n dá ìdíje náà dúró, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì há.

Nítorí irú èyí ni àwọn akójọ fi ń bínú sí òǹtajà tó bá fajú ro nígbà tí wọ́n bi í pé, "Níbo lo ti rí i?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe èébú.

Èyí tún kan ṣíìpù tí wọ́n ti tún ṣe. Paulson, tí Paul Endy dá sílẹ̀ ní Las Vegas ní 1963, wà lára èyí tí wọ́n ń wá jù. Ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà lónìí kì í ta á fún àwọn tó ń ta káàdì nílé. Ilé tẹ́tẹ́ ló ń tà á fún. Nítorí náà, àwọn kan ń ra ti ilé tẹ́tẹ́ tó ti kógbá sílé, wọ́n á họ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n á lẹ tiwọn mọ́ ọn. Mi ò lè dá ẹni tó sanwó ọjà rẹ̀ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n bó bá tún un tà láìsọ ohun tó ṣe sí i, ó ti ya ojú ewé kan nínú ìwé, ó sì ń ta ìwé náà ní odindi.

Ohun tí ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń béèrè kò ju ọ̀kan lọ: kí òǹtajà sọ ohun tó mọ̀ tí oníbàárà kò lè mọ̀. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo gbìyànjú òwe náà wò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò mi síta. Mo ya fọ́tò rẹ̀ nínú oòrùn, mo kọ iye owó, mo sì kọ bọ́tìnì mẹ́ta tí kò ṣiṣẹ́. Ó kùtà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ ọdún kìíní kan wá rà á, kò lo bọ́tìnì mẹ́ta yẹn rárá. Owó tí mo gbà kò tó èyí tí mo san. Ṣùgbọ́n bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà kíláàsì, mi ò ní gba ẹ̀yìnkùlé.