Ìdajì: Láti Orí Tọ́rọ́ Dé Orí Búrẹ́dì

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, ní Jos, àti níbi gbogbo tí oúnjẹ òòjọ́ gbé wa dé ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Àwọn tí kò ráyè gbọ́ ohùn ló ní ká kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ọmọ mi tó wà ní pírámárì kejì pín búrẹ́dì fún òun àti àbúrò rẹ̀, ní ìdajì-ìdajì. Ó gé e sí méjì lóòótọ́, àmọ́ ti àbúrò kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo bá a wí. Ó ní, "Dádì, ṣebí ó ti di méjì?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká mi lára. Ọmọ oníṣòwò tí kò mọ ìdajì, ìgbà wo ni yóò mọ èrè?

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Láyé owó pọ́n-ùn, inú owó ni àwọn bàbá wa ti kọ́ ìdajì. Ẹ́pìnnì méjì ni kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ méjìlá ni sílè. Sísì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà, ìdajì sílè nìyẹn. Tọ́rọ́ jẹ́ mẹ́ta, ìdajì sísì. Ọmọ tí wọ́n fún ní sísì pé kó ra iyọ̀ tọ́rọ́ mọ̀ pé ìdajì owó náà gbọ́dọ̀ padà sílé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ìyẹn ni pé náírà kan jẹ́ ìdajì pọ́n-ùn. Wọ́n tiẹ̀ ṣe owó wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ààbọ̀ kọ́bọ̀. Sílè di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di márùn-ún. Tọ́rọ́ wá di méjì ààbọ̀, kò sì sí owó tuntun kan ṣoṣo tó jẹ́ iye yẹn.

Lónìí, owó wẹ́wẹ́ ti pòórá lọ́wọ́ ọmọ. Ọgọ́rùn-ún náírà ni ìdajì igba, àmọ́ bákan náà ni ìwé wọn ṣe tóbi. Ojú kò lè rí ìdajì níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn kọ́ wọn. Ẹ fún un ní ìwé kó ká a sí méjì, kí etí rẹ̀ bára mu. Ẹ fún un ní ànkárá yáàdì mẹ́fà, kó ka mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ wọn gààrì mudu kan, kó pín in sínú abọ́ méjì tó jọra. Kí ẹni tó pín má kọ́kọ́ mú o! Ẹnìkejì ni kó mú ṣáájú. Ẹ̀ ẹ́ rí i pé yóò pín in dọ́gba. Ìdajì kì í ṣe méjì lásán. Méjì tó dọ́gba ni.

Níléèwé wọ́n ń pè é ní háàfù, lọ́jà níbí ọmọ ń gbọ́ rabi. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó yé e ní Yorùbá nílé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé èdè tí ọmọ fi ń ronú ló yẹ kó fi kọ́kọ́ kàwé.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ọjà á tà o.