Idà Ahun Nínú Sẹ́ẹ̀lì

Idà ahun la fi ń pa ahun. Nígbà tí ohun tí ènìyàn gbójú lé bá di ohun tí ọ̀tá fi mú un ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí. Ikú ahun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wo idà náà. Ahun kò ṣàdédé gbé idà; ó ní ohun tó ń fi í ṣe. Idà kò sì mọ olówó rẹ̀. Ẹni tó bá di èkù rẹ̀ mú ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ohun méjèèjì yìí la ó rí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé RNA, àwọn tí onímọ̀ ń pè ní RNase.

Inú DNA ni àṣẹ ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe wà, ṣùgbọ́n RNA ni ìránṣẹ́ tó ń gbé àṣẹ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe purotéènì. Bí ìránṣẹ́ bá jíṣẹ́ tán tí kò lọ, wàhálà dé: sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe purotéènì tí kò nílò mọ́. RNase ló ń gé irú RNA bẹ́ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èérún rẹ̀ á sì di èlò fún RNA tuntun. Gígé kì í sì í ṣe ìparun nìkan. RNA mìíràn wà tó jẹ́ pé àfi bí wọ́n bá gé e kó tó wúlò. RNase P ló ń gé àlékún iwájú tRNA kúrò, kí tRNA tó lè máa kó amino acid lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó ya ayé lẹ́nu ni pé apá RNase P tó ń gé nǹkan gan-an, RNA ni òun náà. Sidney Altman ló fi èyí hàn, Thomas Cech sì rí RNA mìíràn tó ń gé ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1989. Ṣáájú wọn, ohun tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé purotéènì nìkan ló lè jẹ́ ẹ́ńsáìmù.

RNase A, tó ń wá láti inú pancreas màlúù, ni gbajúmọ̀ láàárín àwọn RNase. Ní àwọn ọdún 1950, Armour, ilé iṣẹ́ ẹran ní Chicago, fọ̀ ọ́ mọ́ tó nǹkan bíi kílò kan, wọ́n sì ń pín in fún àwọn onímọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí Anfinsen, Moore àti Stein ṣe lórí amino acid 124 tó so pọ̀ di RNase A ló gbé ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 1972. Alágídí ni ẹ́ńsáìmù yìí. Ẹ sè é nínú omi híhó. Bó bá tutù tán, á tún bẹ̀rẹ̀ sí gé RNA. Irú rẹ̀ wà lára awọ ènìyàn pẹ̀lú, ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi RNA ṣèwádìí fi ń wọ ìbọ̀wọ́. Ìka ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń sá fún!

Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé ni ọ̀rọ̀ le. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń fi RNA ṣe ogún máa ń ní RNA oníbejì gígùn, okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, nígbà tí wọ́n bá ń bí sí i. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, nítorí náà bí àwọn purotéènì ẹ̀ṣọ́ bá ti rí i, wọ́n á pariwo. Òmíràn nínú wọn á ṣe èròjà kékeré kan tó ń jí RNase L lójú oorun. RNase L kì í ṣojúsàájú: ó ń gé RNA fáírọ́ọ̀sì, ó ń gé ti sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, títí tí sẹ́ẹ̀lì náà fi lè kú. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan tó kú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba gbogbo ara.

Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì náà ní idà tirẹ̀. Ẹ wo ti ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Lassa ní ibi tó ń jẹ́ Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, tó sì ń yọ àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti àyíká rẹ̀ lẹ́nu lọ́dọọdún. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NP ló ń wé RNA fáírọ́ọ̀sì yìí. Ní 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìdajì kan lára NP jẹ́ ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA oníbejì láti ìparí rẹ̀. RNA tí ìbá mú kí ẹ̀ṣọ́ pariwo, ó ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó rí i, interferon tó yẹ kó kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù kò sì ní jáde bó ṣe yẹ. Nígbà tí wọ́n yí ojú idà náà padà nínú yàrá ìwádìí, NP kò lè pa ariwo náà lẹ́nu mọ́.

Olè ni fáírọ́ọ̀sì flu ní tirẹ̀. Ó ń gé orí RNA sẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú àmì tó wà níbẹ̀ bíi fìlà, á sì fi bẹ̀rẹ̀ RNA tirẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì lè rò pé ọmọ ilé ni. Ọ̀bẹ tó fi ń jalè yìí ni oògùn baloxavir, tí ìjọba Japan fọwọ́ sí ní 2018, lọ dì mọ́: ó di irin kéékèèké tó wà lójú ọ̀bẹ náà mú, ọ̀bẹ kò sì lè gé nǹkan mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni aláìsàn ń lò ó. HIV náà ní RNase tirẹ̀, RNase H, tí kò lè ṣe láìsí rẹ̀, síbẹ̀ nínú àwọn oògùn HIV tí ìjọba ti fọwọ́ sí, kò sí èyí tó kọjú sí i.

Fún ibà Lassa, kò tíì sí irú oògùn bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí. Eku Mastomys ló ń fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ gbé fáírọ́ọ̀sì náà wọ ilé. Ẹ dé gàrí àti oúnjẹ yín pinpin, ẹ má sá oúnjẹ sí ẹ̀bá títì, bí ibà kò bá sì gbọ́ oògùn ibà ẹ̀fọn, ẹ tètè gba ilé ìwòsàn lọ.