Dókítà Benjamin Rush àti Àwọn Aláwọ̀ Dúdú Philadelphia

Àwọn tó mọ orúkọ Benjamin Rush mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn 56 tó fọwọ́ sí Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà ní ọdún 1776. Edinburgh ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tó yá, ó di akápò ilé-iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba, ipò tó wà títí ó fi kú ní 1813. Ṣùgbọ́n ọdún 1793 ni ó yẹ kí a fi wọn ọkùnrin yìí wò.

Ní ọdún náà, ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia, olú-ìlú Amẹ́ríkà ìgbà náà. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ló kú nínú ìlú tí èrò rẹ̀ tó 50,000. Ààrẹ Washington kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ olówó sá lọ, àwọn dókítà kan náà sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Rush dúró ní tirẹ̀, ibà náà sì mú òun fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ ó ti kà á níbì kan pé ibà yìí kì í mú aláwọ̀ dúdú. Ló bá kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n jáde wá tọ́jú àwọn aláìsàn. Absalom Jones àti Richard Allen, tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, kó àwọn ènìyàn wọn jọ. Wọ́n tọ́jú aláìsàn, wọ́n gbé òkú tí ẹbí ti sá fún, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn tó lé ní 800 bí Rush ṣe kọ́ wọn. (Ẹ̀jẹ̀ fífà yìí ni Rush gbẹ́kẹ̀ lé jù; a mọ̀ lónìí pé ṣe ló túbọ̀ ń tán aláìsàn lókun.)

Kò pẹ́ tí àwọn olùtọ́jú náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹni tí ibà náà ti mú rí tó sì yè é ni kì í mú mọ́. Ẹ̀fọn kò wo àwọ̀ ara. Rush gbà nínú ìwé rẹ̀ ti 1794 pé òun ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin òkú tán.

Ohun tó dunni jù ni pé òǹtẹ̀wé kan, Mathew Carey, tún kọ ọ́ jáde pé àwọn dúdú kan fi àjàkálẹ̀ àrùn náà gba owó gọbọi, wọ́n sì jalè. Jones àti Allen tẹ ìwé tiwọn jáde ní 1794, wọ́n to ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde síbẹ̀, ó sì hàn pé gbèsè ni iṣẹ́ náà kó wọn sí.

Ọdún 1794 yìí kan náà ni William Grubber, ẹrú Rush, gba òmìnira. Rush ti kọ̀wé tako ẹrú níní láti 1773.