Ilé Tí Wọ́n Kọ́ Nítorí Ọmọ Kan Tó Ń Jẹ́ Helen

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí Yorùbá fẹ́ràn láti máa sọ ní gbangba. Níbi ìsọmọlórúkọ, àdúrà tí gbogbo wa ń gbà ni pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí òfò ọmọ, kí àwọn ọmọ ó gbẹ̀yìn wa. A ó sì máa ṣe àmín sí i títí. Síbẹ̀, àwọn ìdílé kan wà láàárín wa tí ọmọ wọn ń ṣe àìsàn tí àwọn dókítà ti sọ pé apá àwọn kò ká. Nítorí tiwọn ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn ilé kan tó wà ní ìlú Oxford, nítorí a ti ṣàkíyèsí pé bí àwọn ènìyàn wa bá ti gbọ́ orúkọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń sá fún un.

Họ́sípíìsì ni wọ́n ń pè é. Létí ọ̀pọ̀ nínú wa, ibi tí wọ́n ń gbé ènìyàn lọ kú sí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé tí àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí ibi mímọ́ máa ń wọ̀ sí lójú ọ̀nà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀: ilé àlejò, níbi tí wọ́n ti ń rí oúnjẹ, ibùsùn, àti ẹni tí yóò tọ́jú ẹsẹ̀ wọn tó bó. Ìtumọ̀ tuntun tí ọ̀rọ̀ náà ní lónìí wá láti ọwọ́ Cicely Saunders, obìnrin tó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní 1967 ó ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Sydenham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó fi kọ́ ayé ni pé ìrora ẹni tí àìsàn ti mú balẹ̀ kì í ṣe ti ara nìkan; ìrònú wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà sì wà níbẹ̀. Ó tún kọ́ wọn pé kí wọ́n máa fún ènìyàn ní oògùn ìrora ní àsìkò rẹ̀ kí ìrora tó padà dé, kì í ṣe pé kí wọ́n dúró títí yóò fi pariwo. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, pàápàá àwọn tí jẹjẹrẹ ń bá jà. Ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kan àwọn ọmọdé.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ní 1978, àìsàn kọlu ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Helen ni orúkọ rẹ̀. Kókó kan ló hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì yọ kókó náà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọmọ tó ń sáré kiri tẹ́lẹ̀ kò lè jókòó mọ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn, nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n tún lè ṣe níbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sílé láti máa tọ́jú rẹ̀ fúnra wọn, lọ́sàn-án àti lóru.

Ní àkókò náà ni wọ́n di ọ̀rẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Sístà Frances Dominica. Nọ́ọ̀sì ni òun náà. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tó wà ní Great Ormond Street, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ẹgbẹ́ àwọn Sístà All Saints, ó sì ti di olórí wọn ní Oxford nígbà tí à ń wí yìí. Ó máa ń bẹ Helen wò. Ó rí i bí ó ṣe rẹ àwọn òbí rẹ̀ tó. Ni ó bá bi wọ́n bóyá wọ́n lè yá òun ní ọmọ náà fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè sinmi. Wọ́n gbà. Helen ń lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ilé àwọn Sístà, lẹ́yìn náà wọn á wá gbé e padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ṣé ohun àjèjì ni èyí lójú Yorùbá? Nínú agbo ilé, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé e. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé e wá sí yàrá òun kí ìyá ọmọ lè sùn. Ìyàwó ilé kejì á bá a gbọ́únjẹ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ohun tí Sístà yìí ṣe fún àwọn òbí Helen kò ju ohun tí ìyá àgbà ń ṣe lọ. Àwa tí a fi agbo ilé sílẹ̀ tí a wá ń gbé nínú fúláàtì ní òkè òkun, tí bàbá ń ṣiṣẹ́ òru tí ìyá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, tí ìyá àgbà ń dúró de físà ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, àwa gan-an ni ó yẹ kí a tètè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Láti inú ọ̀rẹ́ yìí ni èrò ti wá pé àwọn ìdílé mìíràn náà yóò nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ, wọ́n sì kọ́ ilé kan sínú ọgbà àwọn Sístà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1982 ni ó ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì pè é ní Helen House. Ọmọ mẹ́jọ ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ kí ó má jọ ilé ìwòsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ jáde nílé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Àyè wà fún bàbá àti ìyá láti sùn, fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti ṣeré. Bí ìdílé bá fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n lọ sinmi nílé, ó dára. Bí wọ́n bá fẹ́ dúró, ó dára. Ohun tí ó wù wá jù nínú ètò náà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń bi òbí bí a ṣe ń ṣe é: bí ọmọ yìí ṣe máa ń gbé orí sùn, ohùn tó ń fọ̀ bí nǹkan bá ń dùn ún, orin tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, òun ni ọ̀gá nínú ọ̀ràn ọmọ náà. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló rántí ìyẹn.

Àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ kì í ṣe àwọn tí jẹjẹrẹ mú nìkan. Ní 1997, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ ACT àti àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ yìí jọ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kan tí wọ́n fi ṣàlàyé ẹni tí ètò yìí wà fún. Àwọn ọmọ kan wà tí ìwòsàn ṣeé ṣe fún ṣùgbọ́n tí ó lè kùnà, bí ọlọ́jẹjẹrẹ. Àwọn kan wà tí ìtọ́jú ń fi ọdún púpọ̀ kún ọjọ́ ayé wọn, bí àwọn ọmọkùnrin tí àrùn Duchenne ń ba ẹran ara wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn, kò sí oògùn tó lè dá àìsàn wọn dúró láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn sì rèé tí àìsàn wọn kò burú sí i, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ wọn ti fara pa tó bẹ́ẹ̀ tí òtútù àyà lásán lè gba ẹ̀mí wọn. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ń lọ, wọ́n ń bọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ń padà sílé lọ́jọ́ Ajé. Ẹ kò sì ní láti dá ìtọ́jú ilé ìwòsàn dúró kí ẹ tó lè gba ìrànlọ́wọ́ họ́sípíìsì ọmọdé ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tó ń gbàdúrà fún iṣẹ́ ìyanu lè máa gbà á lọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó dákẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ní 1982 kan náà ni ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tó ní kí Medicare máa sanwó họ́sípíìsì fún àwọn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé kò dà bí ẹni pé ẹni náà yóò lò ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú tó ń wá ìwòsàn sílẹ̀. Òbí wo ni yóò fi ọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀? Ó di 2010 kí òfin tuntun tó gba àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ Medicaid láàyè láti gba méjèèjì pọ̀. Ní Kánádà, Canuck Place ṣí ní Vancouver ní 1995. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, 2004 ni George Mark Children's House ṣí ní San Leandro, ní Kalifóníà.

Ní ìlú Ọba, ilé kejì, Martin House, ṣí ní Yorkshire ní 1987. Acorns tẹ̀ lé e ní Birmingham ní 1988, Rachel House ní Kinross ní Skọ́tíláǹdì ní 1996, Tŷ Hafan ní Wéésì ní 1999. Richard House, tó ṣí ní Beckton ní 2000, ni àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lónìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní àádọ́ta. Kì í sì ṣe inú ilé nìkan ni iṣẹ́ náà mọ. Láti 1986 ni Dókítà Ann Goldman ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan ní Great Ormond Street, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ lọ sílé, kí ìrora má baà borí wọn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ họ́sípíìsì ló ń rán nọ́ọ̀sì lọ sílé bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó le. Àwọn ọmọ kan ń kú níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Helen House ti ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ń mú kí ó tutù, níbi tí wọ́n lè tẹ́ ọmọ tó kú sí lórí ibùsùn títí di ọjọ́ ìsìnkú, tí àwọn òbí á máa wọlé jókòó tì í nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́. A mọ̀ pé èyí yóò ta kókó sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ilé wa, bàbá àti ìyá kì í fojú rí ibojì ọmọ wọn. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Kíá ni wọ́n ń sin ín, wọn kì í sì í fún òbí ní àyè láti máa wò ó. Àwọn Mùsùlùmí láàárín wa kò tilẹ̀ ní fẹ́ kí òkú sùn mọ́jú bí ó bá ṣeé ṣe. Kò sí ẹni tó ń fi yàrá náà ní dandan fún ìdílé kankan. Ẹ lè sọ ohun tí àṣà àti ẹ̀sìn yín fẹ́, kí ẹ sì ti sọ ọ́ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n lójú tiwa, àánú wà nínú àṣà náà nígbà tí ó wà ní ilé rẹ̀. Ní ilé, bí wọn kò ti jẹ́ kí ìyá rí ibojì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní jẹ́ kí ó dá sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ibí, a ti gbé ìdajì àṣà dání a sì fi ìdajì sílẹ̀. A ó wá kí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ó gbé ìrẹsì wá, nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé kálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, a kò ní dárúkọ ọmọ náà mọ́, bí ẹni pé a kò bí i rí. Àwọn òṣìṣẹ́ họ́sípíìsì ń padà lọ bá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn ọdún, wọ́n sì ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà sọ̀rọ̀, àwọn tí a máa ń gbàgbé pé àwọn náà ń ṣọ̀fọ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn wa fi ń fi ọmọ wọn pamọ́, gbogbo wa ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ohun tí a ó sọ ló ń bà wọ́n: pé àbíkú ni, pé ayé ló ń ṣe ìyá rẹ̀, pé bàbá rẹ̀ ṣẹ ẹnì kan nílé. Àìsàn tó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ kò nílò ọ̀tá kankan nílé.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti mú kí àwọn ọmọ tó ń lọ síbẹ̀ pẹ́ láyé ju ti ìgbà náà lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣí Douglas House sẹ́gbẹ̀ẹ́ Helen House ní 2004, fún àwọn tó ti kúrò ní ọmọdé. Ní 2018 wọ́n tì í, nítorí owó kò tó. Helen House ṣì wà. Ìdílé kò ń san kọ́bọ̀ ní àwọn ilé wọ̀nyí. Díẹ̀ nínú owó náà ń wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àwọn ènìyàn ló pọ̀ jù, títí kan èyí tí wọ́n ń rí ní àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ àlòkù tí àwa náà ń yà sí ní òpópónà.

Bí ẹ bá ní ọmọ tí ọ̀ràn yìí kàn, ẹ kò ní láti dúró títí dókítà yóò fi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé yín, tàbí dókítà àdúgbò yín, tàbí kí ẹ fúnra yín tẹ họ́sípíìsì ọmọdé tó wà nítòsí yín láago. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gbọ́ ti òbí tààrà. Ẹ ní ẹ kọ́kọ́ fẹ́ wá wo ibẹ̀ lójú mọmọ, láìgbé ọmọ dání. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbé ọbẹ̀ wá láti ilé, bóyá pásítọ̀ tàbí àlùfáà yín lè wá, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ náà ní òru nígbà tí ẹ̀yin bá ń sùn.